Olùkọ́ dá fìlọ́sọ́fì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo kọ padà fún mi. Ẹ gbà mí o

Aláṣọfunfun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí oníkálukú wa kọ ojú ìwé kan lórí fìlọ́sọ́fì tirẹ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn: kí lo gbà gbọ́, kí ló mú ẹ gbà á gbọ́, báwo ni yóò ṣe hàn nínú iṣẹ́ rẹ. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ tèmi. Mo ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ láàánú, kó bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn, kó tọ́jú ara, ọkàn àti ẹ̀mí pọ̀, kó má ṣe ojúsàájú. Mo wá fi orúkọ Florence Nightingale àti Jean Watson, àwọn nọ́ọ̀sì onímọ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa nípa wọn, sí i kó lè dùn ún kà.

Ó padà dé ọwọ́ mi láàárọ̀ yìí. Kò sí máàkì kankan lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ni olùkọ́ fi yíǹkì pupa kọ sísàlẹ̀: "Ta ló kọ èyí?"

Mo rò pé wọ́n fẹ̀sùn kàn mí pé mo jí i kọ ni. Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní rárá, àwọn mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, àmọ́ àwọn wá mi títí nínú rẹ̀, àwọn ò rí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe kọ tiyín? Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Olùkọ́ tó bi ẹ́ ní irú ìbéèrè yẹn fẹ́ràn rẹ ni. Ẹni tí kò bìkítà ì bá fún ẹ ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí o ti ṣì í ni pé orí ìgbàgbọ́ lo ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé àánú dára. Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì òǹrorò? Orí aláìsàn kan ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ, yálà o ṣe dáadáa sí i tàbí o ṣe é kù. Èyí tí o ṣe kù gan-an ló wúlò jù.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ òru. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó sì ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì fa aṣọ ibùsùn. Mo tẹ́ ẹ padà. Wọ́n tún fà á. Mo tún tẹ́ ẹ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, inú ti ń bí mi, mo sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara aláìsàn kò balẹ̀. Ẹnìkejì mi ní ká so ọwọ́ wọn mọ́ irin ibùsùn kí wọ́n má baà fa rọ́bà ara wọn yọ. Mo ti mú báńdéèjì dání. Mi ò mọ ohun tó mú mi wo ojú wọn. Omi ń dà lójú náà.

Mo ká aṣọ kúrò. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ ti ká kò sábẹ́ itan wọn, àpò ìtọ̀ sì ṣófo. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn wọn, ó le bíi bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe tú rọ́bà náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó ń dà ṣáá, kò tán bọ̀rọ̀. Bàbá mí kanlẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn rọ sílẹ̀, wọ́n sì ti sùn lọ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Báńdéèjì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni fìlọ́sọ́fì tèmi ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí à ń pè ní wàhálà aláìsàn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Kí n tó mú ẹnikẹ́ni dákẹ́, màá kọ́kọ́ wá ohun tó ń wí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tọ̀sán, ọwọ́ ni mo fi ń tọ gbogbo rọ́bà láti ara aláìsàn títí dé ibi tó parí sí. N kì í fojú wò ó lásán.

Ọwọ́Kan:
Ẹ má bínú sí mi o. Ìtàn yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì méjì ló ń tọ́jú aláìsàn méjìdínlọ́gbọ̀n lóru. Ta ló ráyè wojú? Fìlọ́sọ́fì kì í fúnni lábẹ́rẹ́. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ń fẹ́ ká máa kọ irú nǹkan báyìí kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí wọ́n fún wa ní èèyàn ná.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá ń fi fìlọ́sọ́fì bo àìtó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: lóru tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, kí lo kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀? Kí sì ni o kì í fi sílẹ̀ bó ti wù kó rí?

Ọwọ́Kan:
Ibùsùn títẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Àwọn tí ara wọn ti ń mókun náà, mo lè máà dé ọ̀dọ̀ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oògùn ìrora ni n kì í fi falẹ̀. Bí àkókò rẹ̀ bá ti tó, ohun yòówù kí n máa ṣe, màá dá a dúró. Àbúrò bàbá mi kú nínú ìrora nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo wa là ń gbọ́ igbe wọn láti yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó wá.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
O ti kọ tìrẹ nìyẹn.

Ọwọ́Kan:
Ẹ ti mú mi.

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì:
Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó dá sí i. Olùkọ́ lèmi náà (kì í ṣe èmi ni mo ni yíǹkì pupa yẹn o). Mo gba ohun tí Ìyá_Wọ́ọ̀dù sọ, ìtàn ni kó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà àwọn onítíọ́rì díẹ̀, ìyẹn àwọn tó gbé èrò kalẹ̀ nípa ohun tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́, torí ẹ̀ṣọ́ lásán ni Aláṣọfunfun fi orúkọ wọn ṣe.

Òpó mẹ́rin la sábà máa ń kọ́ yín: ènìyàn, àyíká, ìlera, àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ á kàn lọ da ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ láti inú ìwé. Ẹ jẹ́ ká mú àyíká nìkan wò. Àtùpà tó máa ń gbé wo àwọn aláìsàn lóru ni gbogbo ayé fi ń rántí Nightingale, bẹ́ẹ̀ ìṣirò gan-an ni ohun ìjà rẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní 1854, àrùn ń pa wọ́n níbẹ̀ ju ọgbẹ́ ojú ogun lọ fíìfíì. Iye òkú kò já wálẹ̀ gidi títí ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó fi dé ní 1855, tí wọ́n kó ẹ̀gbin kúrò nínú kòtò ìdọ̀tí, tí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Obìnrin yìí ya iye òkú náà ní àwòrán kí ìjọba má lè ní àwọn ò rí i. Ní 1858, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní London gbà á wọlé, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, sọ fún mi kí lo ṣe nípa fèrèsé tí kì í ṣí ní wọ́ọ̀dù tí o wà. Tí o ò bá ṣe nǹkan kan, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà tí mo gbà ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ronú ni kí n mú àwọn onítíọ́rì méjì kojú ara wọn níwájú iṣẹ́ kan. Virginia Henderson ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti ran ènìyàn lọ́wọ́ ṣe ohun tí ì bá ṣe fúnra rẹ̀ ká ní ó lágbára, ó nífẹ̀ẹ́ sí i, tàbí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sì tètè padà máa dá a ṣe. Ohun 14 ló kà sílẹ̀, mímí ló fi ṣe ìkíní. Dorothea Orem ní ènìyàn ló ni ìtọ́jú ara rẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ kò bá dé ni nọ́ọ̀sì ti ń wọlé. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀sì á ṣe gbogbo rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á jọ pín in, nígbà mìíràn ó kàn máa kọ́ ọ ni, á sì dúró tì í.

Ó jọra, àbí? Ó dáa. Lọ wẹ̀ fún aláìsàn tí apá rẹ̀ kan ti rọ. Tí o bá wẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí o bá fún un ní tówẹ́ẹ̀lì kó fi ọwọ́ tó ṣì lágbára nu ojú àti àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ogún ìṣẹ́jú, omi á tutù, o sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Aláìsàn náà lè máa wò ọ́ bíi pé o ń fìyà jẹ òun. Èwo lo máa ṣe? Lọ́jọ́ wo? Kí ni yóò mú ẹ yí i padà? Ohun tí o bá fi dáhùn, ibẹ̀ ni kí o kọ sínú ìwé rẹ.

ẸnìkanLẹ́gbẹ̀ẹ́Ibùsùn:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ má lé mi. Mo jókòó ti màmá mi nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méje. Nọ́ọ̀sì méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọwọ́ àwọn méjèèjì mọ́ níṣẹ́, n kò lè sọ pé ọ̀kan mọ̀ ju èkejì lọ.

Èkíní á dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, á bi èmi pé, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Màmá mi á kàn máa wo ẹnu wa, bí ẹni tó ń wo ìjà aládùúgbò. Èkejì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú tiwọn: "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìdáhùn kì í tètè jáde lẹ́nu màmá mi nígbà yẹn. Ó lè gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì yẹn á dúró. Mo ti máa ń fẹ́ bá wọn dáhùn, á gbọ́wọ́ sókè sí mi díẹ̀, báyìí, láìwo ẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí èkíní bá wà lẹ́nu iṣẹ́, màmá mi kì í jẹun tán. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn nínú ìwé yín.

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Hildegard Peplau kọ ìwé lé lórí ní 1952: pé àjọṣe tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìtọ́jú. Ẹ ti fi ìpínrọ̀ méjì sọ ọ́.

NọọsiỌmọdé:
Tèmi kò gùn. Mi ò kì í purọ́ fún ọmọdé. "Kò ní dùn ẹ́" kì í jáde lẹ́nu mi tí mo bá mú abẹ́rẹ́ dání. Mo máa ń sọ pé, "Ó máa ta ẹ́, bí ìgbà tí mo bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti tán." Lẹ́yìn náà mo máa ń kà á lóòótọ́, n kì í gún un ní èjì. Àwọn òbí míì máa ń bínú sí mi pé mo ń dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kejì, ta ni ọmọ náà ń na ọwọ́ sí.

Sí Ọwọ́Kan: Margo McCaffery, nọ́ọ̀sì ni, ti sọ láti 1968 pé ohun tí ẹni tí ń jẹ ìrora bá pè ní ìrora, òun ni ìrora, ìgbà tó bá sì ní ó ń dun òun ló ń dùn ún. Tó bá jẹ́ lórí ìrora ni fìlọ́sọ́fì rẹ dúró, wà á nílò gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá sọ pé aláìsàn kan ń ṣeré ni.

Atọ́jú_Àwọn_Tó_Ńlọ:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi ibi tó gún sí han ọmọ yìí. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo rọrùn. Ìgbà tí méjì bá forí gbárí ni wàá mọ èyí tí o gbà gbọ́ ní ti gidi.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn là ń tọ́jú. Ìlànà ní ká máa yí ẹni tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má baà dá sí wọn ní ìdí. Bàbá kan ní rárá. Jẹjẹrẹ ti wọ eegun wọn, bí a bá ti fọwọ́ kàn wọ́n báyìí, igbe ni. Wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ara aláìsàn kò gbọ́dọ̀ jẹrà lọ́wọ́ mi. Mo tún gbà gbọ́ pé ẹni tó ni ara ló ni "rárá." Ó yá, kí ni kí n ṣe?

Mo lọ bá dókítà, a yí oògùn ìrora padà, à ń fún wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó yí wọn. Mo bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo ni kò dùn tó ìkejì. Mo fi ìrọ̀rí kékeré gbé ìdí wọn sókè díẹ̀ dípò kí n yí wọn tán. Ọjọ́ mélòó kan lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún ní rárá, ojú wọn sì mọ́lẹ̀ kedere. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, mo sọ fún dókítà àti fún ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, a sì fi wọ́n sílẹ̀. Egbò dá sí wọn. Mo wẹ̀ ẹ́, mo dì í. Títí dòní, n kò lè sọ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ bá tún dé, ohun kan náà ni màá ṣe.

Kí o sì rántí pé fìlọ́sọ́fì rẹ kò ga ju òfin iṣẹ́ lọ. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún àwọn nọ́ọ̀sì tí ICN, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé, kọ́kọ́ gbà wọlé ní 1953 ni wọ́n tún ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2021. Kà á kí o tó kọ tìrẹ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ òun ló ní kí òun máà tọ́jú ẹnì kan torí irú ẹni tó jẹ́.

Aláṣọfunfun:
Mi ò sùn dáadáa láti ìjẹta. Mo tún un kọ. Ẹ wò ó:

"Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn mẹ́wàá. Mò ń sáré. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹnìkeje, mo wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá wọn, mo ka nọ́ńbà, mo kọ ọ́, mo sì ti ń yí padà nígbà tí obìnrin náà ní, 'Apá mi lo wá kí, o ò kí èmi.' Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ. Nọ́ńbà wọn dára. Lálẹ́, ẹni tó wà níbùsùn kejì ló sọ fún mi pé àyà ti ń fún obìnrin náà láti àárọ̀, wọn ò rí ẹni tó dúró kí wọ́n sọ fún.

"Nítorí náà mo gbà gbọ́ pé aláìsàn kì í ṣe apá tí mò ń wọn. Màá máa bọ̀wọ̀ fún gbogbo aláìsàn nígbà gbogbo, màá sì máa fún wọn ní ìtọ́jú tó péye fún odidi ènìyàn."

Ọwọ́Kan:
Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, èmi gan-an jókòó ti ìyẹn. Ní ìkejì, wọ́n tún ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Hẹn! "Nígbà gbogbo," yọ ọ́. "Odidi ènìyàn," yọ ọ́. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: ká ní mo tẹ̀ lé ọ káàkiri wọ́ọ̀dù fún wákàtí mẹ́jọ, ǹjẹ́ mo lè ká ọ mọ́ ibi tí o ti rú gbólóhùn yìí? Tí kò bá ṣeé ká ọ mọ́, o ò tíì sọ nǹkan kan. Bíbọ̀wọ̀ fúnni nígbà gbogbo, báwo ni mo ṣe máa mú ọ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n tí o bá ní, "Kí n tó fọwọ́ kan aláìsàn, màá pe orúkọ wọn, màá bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú fáìlì, màá sì dúró gbọ́ ọ," ìyẹn, ní ibùsùn kẹta ni màá ti mú ọ.

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì:
Kí o sì sọ ibi tí kò ti ní ṣeé ṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dá dúró kò ní máa dáhùn ìbéèrè. Olùkọ́ rẹ yóò gbàgbọ́ rẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, fi déètì sí i. Mo ṣì ní èyí tí mo kọ nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, ojú máa ń tì mí tí mo bá kà á, n kò sì jẹ́ jù ú nù.

Aláṣọfunfun:
Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin péré ló kù nínú ìpínrọ̀ kejì. Mo yọ Watson kúrò, mo fi Nightingale sílẹ̀ torí mo lọ bá wọn sọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn lóòótọ́ (wọn ò tíì ṣe é). Mo ti fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Aláṣọfunfun:
Ó ti dé! Máàkì wà lórí rẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n yíǹkì pupa tún wà nísàlẹ̀: "Kí lorúkọ obìnrin náà?" Ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ni mo gbà lọ, mo ní ṣebí wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ aláìsàn síta. Wọ́n ní àwọn ò ní kí n kọ ọ́, àwọn kàn ń bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ni.

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù:
Láti àárọ̀ tí mo ti ka èyí ni mo ti ń wá orúkọ bàbá onírọ́bà yẹn nínú orí mi. Ibùsùn kẹsàn-án ni, apá ògiri. Ibi tí mo rántí dé nìyẹn.